Òbíríkítí Tí Kò Lórúkọ Ilé

Òru ni. Kubwa ti sùn.
Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti pa jẹnẹrétọ̀ wọn,
mo sì ń fi Jáfà ya páìpù omi Gwagwalada.

Kì í ṣe fọ́tò o.
Fọ́tò, bí o bá fà á sún mọ́jú, á di hóró, á di iyanrìn.
Ìlà lèmi ń fẹ́, ìlà tó ń rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀,
tó jẹ́ pé bí o sọ ọ́ di ńlá bí Àpáta Zuma
etí rẹ̀ á ṣì mú bí abẹ tuntun.

Aṣàwákiri mọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ yà,
àmọ́ èdè tirẹ̀ lọ̀tọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa kò gbọ́ ọ.
Ọ̀gá ní: "Ìbídùnní, fi Jáfà wé e
bí wọ́n ti ń fi ewé wé obì tó ń bọ̀ wá sókè Ọya,
kó má gbẹ lójú ọ̀nà."

Mo wé e.
Kíláàsì kan fún ìlà, ọ̀kan fún igun mẹ́rin,
ọ̀kan fún òbíríkítí tó dúró fún fáàfù,
mo so àwọ̀ rẹ̀ mọ́ mítà tó wà lọ́hùn-ún:
bí omi bá ń lọ, kó jẹ́ àwọ̀ ewé, bí ó bá dúró, pupa.
Mo tan iṣẹ́ náà.
Ojú ìwé funfun báláú.

Mo tú abẹ́ ojú ìwé wò. Òbíríkítí wà níbẹ̀,
àárín rẹ̀ pé, ìbú rẹ̀ pé, àwọ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀.
Ó wà, kò sì hàn.
Ọjọ́ mẹ́ta. Mo bú kọ̀ǹpútà,
mo bú ẹni tó rà á
(èmi náà ni mo rà á).

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo lọ yá bátìrì lọ́wọ́ Shekwolo ní Gwarinpa.
Màígádì tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú.
"Gidan wa?"
Mo ní Ìbídùnní ni mí.
Ó ní òun ti gbọ́. Gidan wa?
Mo ní Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti bí mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi,
ó di ọdún kọkànlá tí mo ti wà l'Ábùjá.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò ṣí géètì.
Kì í ṣe ta ni mí ló ń bi mí.
Ilé ta ni mò ń lọ.

Ha!
Shekwolo pè mí lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbé e.
Mo ti wà nínú Kéké, mò ń sọ̀rọ̀ fún ara mi.
Orúkọ àbísọ nìkan ni mo fi rán ọmọ níṣẹ́,
n kò sọ pé ilé àwọn onílà ló ti wá,
aṣàwákiri sì kà á sí àlejò,
ó ní kó jókòó síta.

Mo kọ orúkọ ilé náà, ẹ̀ẹ̀kan péré,
sínú ewé Jáfà lọ́hùn-ún,
kí ọmọ ẹlòmíì má tún dúró ní géètì.

Ó hàn. Ó yí roboto.
Mo pàtẹ́wọ́ nínú òkùnkùn, bátìrì ku díẹ̀ kó kú,
kí n tó wá wò ó dáadáa:
pupa.
Fáàfù kẹrin, Gwagwalada.
Láti ọjọ́ mẹ́ta ló ti pupa.
Ẹnìkan ti ń gbé garawa dúró níbẹ̀.