Òórùn Ìbọ̀sẹ̀

Ní Punta Arenas, ọkọ̀ òfurufú dúró jẹ́ẹ́,
wọ́n fi ìdènà há táyà rẹ̀,
atẹ́gùn òkun ń gbá a létí bí ìyá tí inú ń bí.
Àwa mọ́kànlélógójì ti jókòó;
àwọn yòókù ṣì ń fa àpótí gòkè.

Rosalba ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀:
ìbọ̀sẹ̀ tútù tó sun inú bàtà mọ́jú.
Lẹ́yìn náà, ìkùukùu tín-ín-rín
láti ihò afẹ́fẹ́ òkè orí mi.

Kò pariwo. Ó gbé fóònù ara ògiri:
“Èéfín. Láàárín. N kò rí iná.”
Ó kọjú sí wa:
“Ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Ibi tí ẹ gbà wọlé ni kí ẹ gbà jáde.”
Bàbá kan di gìtá rẹ̀ mú;
ó tú ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Eleuterio pa ẹ́ńjìnnì kékeré inú ìrù.
Ó ní ọ́ìlì ló jò sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí.

Wọ́n ní kò sí èéfín láìsí iná.
Mo dúró lórí kọ̀ǹkéré, mò ń wúkọ́,
ahọ́n mi korò bí owó idẹ,
Rosalba ń ka orí wa.
Ó kà á tán,
ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí mi.