Agolo Kẹtàdínlógún

Bàbá Ṣóbándé kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ebè
àfìgbà tí mo dáhùn ìbéèrè kan:
"Ṣé ẹ máa jó o ni?"
Àwọn tó wá lọ́dún èṣí bu erùpẹ̀ lọ,
wọ́n rì í sínú omi kíkan tó ń hó,
wọ́n mú ìwé wá. Wọn ò dá erùpẹ̀ padà.
"Ìyá mi ló wà lábẹ́ orógbó yẹn.
Ibi tí ẹ fẹ́ gbẹ́ yìí, ìdí ẹsẹ̀ wọn ni."

Mo ní, a ò ní jó o, Bàbá.
Inú agolo la ó rọ ọ́ sí, a ó dí i lẹ́nu pinpin
fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n,
kí èémí inú rẹ̀ má baà sá lọ.
Lẹ́yìn náà, a ó gbé e wọ ilé òjé,
a ó pa ìdérí dé, ẹ̀rọ yóò máa tẹ́tí.
"Tẹ́tí sí kí ni?"
Sí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí,
tó ń ti inú rẹ̀ jáde láti ìgbà tí òkúta ti ń jẹ́ òkúta.
Ó wò mí bí ẹni ń wo owó tó ya.
Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bù ú,
ó rọra yọ gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Lóru, ní Alábàtà, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.
Wákàtí mẹ́wàá. Òkè ń hù lójú kọ̀ǹpútà,
kékeré, kékeré, ọ̀kan gíga fíofío:
pòtásíọ̀mù. Tóríọ̀mù tẹ̀lé e,
àfi bíi pé mo dúró sí Ìtókò
tí mo ń wo Abẹ́òkúta, àpáta, páànù tó dógùn-ún, àpáta.
N ò gún un, n ò lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ oògùn kankan.
Ó ń sọ tinú rẹ̀, mo jókòó tì í.
Ìyá tèmi, lórí bẹ́ẹ̀dì n'Ídì-Àbà,
ìbéèrè ni mo dà bò wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà,
ìbéèrè, ìbéèrè. N ò jókòó.

Mo dá agolo kẹtàdínlógún padà. Ìwọ̀n rẹ̀ ò yẹ̀.
Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó dà á sídìí orógbó,
ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
Mo ní kò séwu, ẹ máa jẹ ẹ̀gẹ́ yín.
Ó ní, ó gbọ́.
"Ṣùgbọ́n, ṣé wọ́n dárúkọ mi?"