Ihò Ìṣó

Ní Sábó, ní Zaria, lóṣù kẹta,
oòrùn kì í yọ, ńṣe ló ń bọ́ síni lórí bí ẹrù.
Àwa tí à ń kan páànù mọ̀ ọ́n.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gun òrùlé olórùlé,
tí mo ń fi eyín di ìṣó mú.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ tàn
sí àyà Morádéyọ̀,
níbi tí ọmú òsì wà kí wọ́n tó gé e.
Wọ́n fi yíǹkì fa ìlà igun mẹ́rin sí i
bí ìgbà tí mo bá ń wọn pátákó.
Ó dúdú, ó bó, ó jinná.
A ní ó tán.
Kókó mẹ́ta tún yọ.

Ni Dókítà Asabe bá mú oògùn mìíràn wá,
èyí tí í sùn sínú ẹran ara
títí iná pupa yóò fi jí i.
“Bàbá Fadérera, ẹ gbọ́ o,
fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oòrùn kò gbọdọ̀ rí i.
Ibi tí ẹ̀rọ ti jó rí, ẹlẹgẹ́ ni.
Awọ kì í gbàgbé.”

Mo kan búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé.
Mo fi òwú dí ojú kọ́kọ́rọ́.
Morádéyọ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú òkùnkùn:
“Àbí o fẹ́ kí n pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni?”

Ọjọ́ kọkànlá, mo wà lórí òrùlé Àlàájì Sámbò.
Ooru mú un, ó ká aṣọ kúrò láyà, ó sùn lọ.
Ihò ìṣó kan wà lókè ilé wa.
Èmi ni mo fa ìṣó yẹn yọ lọ́dún tó kọjá,
mo ní màá padà wá dí i.
Ìmọ́lẹ̀ tí kò ju kọ́bọ̀ lọ
rìn lára ògiri, ó gun ibùsùn,
ó wọ inú ìlà igun mẹ́rin,
ó jókòó.

Ó lé ròrò. Ó di dúdú.
Nígbà tí yóò fi di Jímọ̀, ó ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi.
“Iná méjì ló pàdé lára kan,” ni Dókítà wí,
“ta ló lè sọ èwo ló jó o?”
Mi ò bá a jiyàn.

Lálẹ́ mo gun òrùlé ara mi,
tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ọ̀dà lọ́wọ́.
“Ìwọ nìyẹn?”
“Èmi ni.”
“Má dí gbogbo ẹ̀.
Mo fẹ́ máa mọ ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.”

Ọwọ́ mi dúró lókè ihò náà.
Ọ̀dà ń kán.