Ìdúró Lẹ́yìn Ọfà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Ailie Kemppainen pa iná ọkọ̀.
Bàbá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan,
rọ́bà tín-ín-rín ní ihò imú,
tí ń gbé afẹ́fẹ́ inú àgbá wá bá a.
"Láti ọ̀dọ̀ adágún ni atẹ́gùn ti ń bọ̀," ni bàbá wí.
"Gba ẹ̀yìn odò. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbóòórùn rẹ."
Kò ní kó ṣe dáadáa. Kò sọ ọ́ rí.

Bàbá ló kọ́kọ́ kan ẹ̀gùn mọ́ igi óákù náà,
pákó mẹ́rin, ìṣó ọgbọ̀n,
lọ́dún tí wọ́n ti ibi ìwakùsà pa,
tó jẹ́ ẹran igbó ló gbé wọn la òtútù já.
Pákó ti jẹrà. Igi ti gbé ìṣó mì
bí àgbà ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì.
Irin ni ẹ̀gùn ti Ailie, ṣọ́ọ̀bù ló ti rà á,
bẹ́líìtì sì so ó mọ́ igi láyà, ó so ó nítan,
nítorí ọmọ Niemela tó já bọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn,
tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ títí dòní.

Ó fi okùn fa ọrun gòkè. Ó jókòó.
Òtútù kọ́kọ́ wọ ìka ẹsẹ̀, ó gba orúnkún,
ó ń gòkè bí ẹni tóun náà ń wá ẹ̀gùn.
Nǹkan kan ta ewé gbígbẹ. Gbogbo ara Ailie le.
Ọ̀kẹ́rẹ́ ni.
Ó tún ta. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan náà ni.
Ẹran tó wúwo bí ènìyàn a máa rìn bí ẹni tí kò sí;
èyí tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ ló ń pariwo.

Ìgbà tí kò retí rẹ̀ mọ́ ló dé.
Abo àgbọ̀nrín, ọrùn gígùn, etí tó ń yí kiri,
èémí rẹ̀ ń rú bí ìkòkò tí a ṣí.
Ailie fa ọ̀sán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Apá ń gbọ̀n.
Ẹran gbórí sókè, ó wo ibi tó wà, kò rí i.
Ẹsẹ̀ kan sí i. Ẹyọ kan péré.
Ó gbé e.

Ọfà kò dún bí ìbọn. Ó dún bí ẹni tó ṣí ìwé kan.
Àgbọ̀nrín fò, igbó pa dé mọ́ ọn.

Nísinsìnyí ni iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀.
Jókòó. Ààbọ̀ wákàtí.
Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni bàbá ti fi kọ́ ọ:
bí o bá lé e, á sá lọ kú síbi tí o kò ní rí i,
ìkookò á jẹ ẹran, ìwọ á jẹ ẹ̀bi.
Ó wo aago. Ṣé ẹ̀dọ̀fóró ni ọfà bá, àbí ikùn?
Ó tún wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Ó ń ro ẹ̀dọ̀fóró títí ó fi rántí èyí tó wà nínú ọkọ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò rí ẹ̀jẹ̀.
Ewé pupa ló kún ilẹ̀,
oṣù kẹwàá ti ta tirẹ̀ síbi gbogbo.
Ó wá gbọ́ táyà kékeré méjì lórí ewé:
bàbá ló ń wọ́ àgbá rẹ̀ bọ̀,
ó ń sinmi ní gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.
"Mo ní kí ẹ dúró sínú ọkọ̀."
"Ẹsẹ̀ ló ṣàìsàn. Ojú kọ́."
Ó na ọ̀pá sí ewé kan láàrin ẹgbẹ̀rún ewé.
"Ó ń hó. Ẹ̀dọ̀fóró ni," ni bàbá wí,
ikọ́ sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà,
kò ní fún ẹnì kan jẹ nínú ẹran.
Ailie ro gbogbo rẹ̀ bó ti ń wọ́ abo náà lọ sí títì,
ó sì gé itan kan sọ́tọ̀ fún ìyá ọmọ Niemela.

Nínú ọkọ̀, bàbá di ojú, ó tún là á.
"Bẹ́líìtì yẹn ń dún jù," ló wí.
"Fi epo sí i."