Ọ̀bẹ Oníwo

Ọ̀bẹ mọ́kànlá ni Ndàgí tò sórí àpò sìmẹ́ǹtì
létí omi ní Lọ́kọ́ja,
oòrùn àárọ̀ ń kun Òkè Pàátì láyà.
Ó ní, "Mú èyí tó bá wù ọ́."
Èmi ò wá ohun tó wù mí.
Àbúrò mi Ìpinlàyé ni yóò tukọ̀ lọ́la,
ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dá kó èrò sọdá sí Ṣíntákù,
bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rùn bíi ti ìsọ̀.

Èyí tó ń dán jù ni mo kọ́kọ́ gbé.
Ẹnu rẹ̀ mú ju ẹnu agbowó-orí lọ,
orí rẹ̀ rí ṣóńṣó.
Ndàgí mi orí:
"Ìjì á mi ọkọ̀, ọmọ á ṣubú lé e.
Wá èyí tí imú rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ti àgbò."

Mo ki ọwọ́ bọ odò,
mo fi àtàǹpàkò tútù ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀kan le bí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ìjọba.
Òmíràn ṣí tán, kò dúró,
ó fẹ́ padà wá gé mi níka jẹ.
Ẹ̀kẹta ti dípẹtà níbi oríkèé rẹ̀;
"Epo díẹ̀ á wò ó sàn," Ndàgí wí,
àmọ́ kò wo ojú mi.

Lára ìkẹjọ ni mo ti rí ìwo.
Irin róbótó kan, ó gùn tó ìka àárín,
ó tẹ̀ díẹ̀ lórí bí èékánná àṣá,
ó ká sẹ́yìn ọ̀bẹ, ó sùn síbẹ̀
bí ẹni tí ò níṣẹ́ kankan.
"Èyí ńkọ́?"
Bàbá náà fa okùn ọ̀rá kan látinú omi,
ó ta á ní kókó, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́,
ó fà á títí ó fi ké,
ó jù ú sí mi. "Tú u."

Mo rántí bàbá wa.
Eyín ló fi ń tú kókó.
Àwọn àgbà Bùnú ní a kì í fi eyín tú ohun tí ọwọ́ bá ká;
ọwọ́ rẹ̀ ò ká a, omi ti mu okùn náà yó.
Ọdún tí odò wọlé tọ àwọn ará Àdánkòlò,
okùn so ọkọ̀ mọ́ ìdí máńgòrò,
omi ń ga, okùn ò gùn sí i,
imú ọkọ̀ ń tẹ̀ wọmi bí ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ,
bàbá wa ń jẹ okùn.
Ọkọ̀ lọ. Òun nìkan ló wẹ̀ bọ̀,
eyín méjì dín, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ní, "Ẹnu ọ̀bẹ ni mo fẹ́. Kó já, ká máa lọ."
"Òótọ́ ni. Nírú ọjọ́ yẹn, gé e.
Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ yẹn mélòó ló wà nínú ọdún?
Okùn tí o gé lónìí, kúkúrú ni lọ́la."

Mo ti ìwo náà bọ àárín kókó,
mo yí i, mo tún yí i.
Kókó náà mí.
Ó tú bí ìka ọmọ tó ti sùn.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ló pè é, a parí ẹ̀ sí méje.
Ó fi ihò ìdí rẹ̀ hàn mí:
"Kó so ó mọ́ra o.
Ohun tó bá bọ́ sí Ọya, Ọya ló ni ín."

Lálẹ́, mo gbé e fún Ìpinlàyé.
Ó ṣí ẹnu ọ̀bẹ, ó fi gé afẹ́fẹ́, ó rẹ́rìn-ín,
kò tilẹ̀ wo ìwo.
Bàbá wa ló nawọ́ gbà á.
Ó fa ìwo náà jáde,
ó fi ìka wò ó láti ìdí dé orí,
ó ń fi ahọ́n kan àyè eyín méjèèjì.
"Okun o," ó wí,
bí a ti ń kí ẹni tó tibi iṣẹ́ dé.
N kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ló ń kí
tàbí irin.