Odò Tó Ń Kún Lẹ́ẹ̀rùn

Tíṣà Hùnsù fi ṣọ́ọ̀kì kun orí òkè náà,
ó ní yìnyín ni.
Ó fa ìlà kan wálẹ̀ gbọọrọ:
"Odò rèé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń kún."
A bú sẹ́rìn-ín. Odò wo ló ń kún láìsí òjò?

Ẹ̀rín náà há mi lọ́fun nígbà tí mo délé.
Ní Màkókò, létí ọ̀sà,
Àǹtí Sẹ̀nami ń ta yìnyín fáwọn apẹja,
bulọ́ọ̀kù gàgàrà
tó fi ìyẹ̀fun pákó Òkóbàbá bò
bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tuntun.
Oòrùn mú.
Omi yọ lábẹ́ rẹ̀, tín-ín-rín,
ó wá ọ̀nà láàrin òkúta méjì,
omi ìfọṣọ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Alákàn,
ó gbé ìpẹ́ ẹja, ó gbé kùkùté sìgá,
ó yà sí mẹ́ta kó tó wọ ọ̀sà.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ padà sókè.
"Kí lo ń wá nínú gọ́tà?"
Mo ní, "Orísun ni, Àǹtí."
Ó wo bulọ́ọ̀kù tó ti joro bí ọṣẹ àlòkù.
"Owó mi ló ń ṣàn lọ yẹn."