Ìṣirò Tí Odò Pa Rẹ́

Ẹnu ọ̀nà méjì ni ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ yìí ní,
wọ́n gbẹ́ ẹ sí òkúta: ọkùnrin níhìn-ín, obìnrin lọ́hùn-ún.
Ti obìnrin ni mò ń gbà wọlé láràárọ̀,
torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n kó sìmẹ́ǹtì sí.

Ní Bewdley, odò Severn a máa kọjá níwájú ilé
bí àlejò tó mọ ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí.
Yàrá kan lókè àká ọkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kàwé,
ogún ọmọ, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, èéfín.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ èyí, bíríkì pupa, agogo lórí òrùlé.
Ẹni tó yan ilẹ̀ náà kì í ṣe ọmọ ibẹ̀:
ojú ọ̀nà omi ló kọ́lé sí.
Wọ́n fa ilà sára ògiri, ilà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún tirẹ̀,
bí ìyá ṣe ń wọn ọmọ tó ń ga.
Odò ló ń ga níbí.

Iṣẹ́ ilé rírẹ́ ni mo wá ṣe; wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di fúláàtì mẹ́fà.
Lọ́jọ́rú, mo ṣí pákó kan,
mo bá pátákó ìkọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lójú rẹ̀:
*àpò ọkà mẹ́tàdínlógún, ṣílè mẹ́rin-mẹ́rin,
ẹni tó ra gbogbo rẹ̀ yóò san*
Ibẹ̀ ni omi dé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ gbígbẹ.

Mo lọ pe ìyá arúgbó òdì kejì òpópónà,
Winifred Pargeter, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún.
Ó fi ọ̀pá tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́,
kò gbójú sókè kó tó yà sí ẹnu ọ̀nà obìnrin.

“Míìsì Tranter ló kọ ọ́. Oṣù Kẹta ni, yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́.
Agogo lù, a rò pé oúnjẹ ọ̀sán ni.
Ojú fèrèsé yẹn ni bàbá mi ti gbé wa sínú ọkọ̀.
Nígbà tá a padà, wọ́n ti kan pákó bò ó.”

Mo ní, “Ṣílè méjìdínláàdọ́rin ni, Mà.”
(Ilé ìwé tiwa ní Ìrè, amọ̀ ni; òjò ọ̀sán kan ló wó o.
Abẹ́ igi ọ̀dán la ti parí ìlọ́po mẹ́rin.)

Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ti ṣe é nínú ọkọ̀ bàbá mi.
Ẹni tó máa fi àmì sí i pé mo gbà á ni mi ò rí.”

Ilé ẹ̀kọ́ tuntun wà lórí òkè, gíláàsì àti irin,
odò ò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Mo yọ pẹ́ńsùlù létí, mo fi àmì sórí ẹrẹ̀.
Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, mo po sìmẹ́ǹtì
fún ògiri mẹ́ta yòókù.